Ẹyin Ṣáájú Ìyẹ̀fun Inú Agolo

Àwọn obìnrin tó ń gba ìtànṣán nítorí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ kì í sábà ráhùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n á dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á yí wọn ká, á dún díẹ̀, wọ́n á sì dìde wọ aṣọ wọn. Kò ta wọ́n, kò jó wọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń bi nọ́ọ̀sì bóyá iná ọ̀hún wọlé sí ara àwọn lóòótọ́. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta ni inú á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọn, ìgbẹ́ gbuuru á dé, oúnjẹ á sú wọn, ara á sì rẹ̀ wọ́n débi pé ìrìn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn dé ọ̀dọ̀ wa á di iṣẹ́ ńlá. Ìgbà yẹn ni dókítà máa ń darí wọn sí mi.

Oúnjẹ aláìsàn ni iṣẹ́ mi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é láàárín àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ti ìyẹ̀fun inú agolo. Ọmọ aláìsàn á yọ fóònù rẹ̀, á na àwòrán sí mi: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo eléyìí. Wọ́n ní amino acid ni, pé ó máa ń tún ìfun ṣe fún ẹni tó bá gba ìtànṣán. Ṣé kí n rà á fún Màmá?" Iye tí wọ́n ń ta agolo náà, ilé tó ti ta ilẹ̀ tàbí tó ti kó àjọ kó tó rí owó ìtọ́jú kò gbọdọ̀ ná an láìronú.

N kì í lé wọn, n kì í sì í dá wọn lóhùn wàrà-wàrà. Òótọ́ ń bẹ nínú ohun tí wọ́n gbọ́, òótọ́ tó dùn mọ́ mi nínú gan-an. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ̀rọ̀ lórí agolo, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí Màmá jẹ lánàá. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi hàn mí ni pé ọ̀pọ̀ ilé tó ń wá amino acid kiri lọ́jà oògùn ti kọ́kọ́ gbé e kúrò nínú àwo aláìsàn.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo inú ìfun. Awọ tó tẹ́ inú ìfun kékeré kì í pẹ́ gbó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú rẹ̀ á ti ré dànù, tuntun á ti rọ́pò wọn. Ìsàlẹ̀ àwọn kòtò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni àwọn tuntun yìí ti ń wá, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá ń gbé. Ní 2007 ni Nick Barker àti Hans Clevers pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Netherlands rí àmì tí a fi ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá yìí mọ̀, àmì tí wọ́n ń pè ní Lgr5. Ìtànṣán kì í dá sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín kíákíá sí. Ohun tó fi ń rí jẹjẹrẹ pa nìyẹn, ohun kan náà ló sì fi ń pa sẹ́ẹ̀lì ìyá inú ìfun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti wà lójú ìfun tẹ́lẹ̀ á ṣiṣẹ́ tiwọn tán, wọ́n á ré lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ kó rọ́pò wọn kò tó nǹkan mọ́. Ó dà bí ọjà tí àwọn ọlọ́jà àárọ̀ ti palẹ̀ mọ́, tí àwọn ọlọ́jà alẹ́ kò sì yọjú. Omi tó yẹ kí ìfun fà á ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá, oúnjẹ kò rí ibi wọ inú ara, awọ tín-ín-rín tó kù á wú, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀.

Kì í ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ìwọ̀n ìtànṣán tí a sábà ń fún agbègbè ìsàlẹ̀ ikùn wà láàárín 45 sí 50 Gray, tí a pín sí nǹkan bí ìgbà 25 sí 28, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti díẹ̀. Oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ cisplatin máa ń bá a rìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn èyí ni a óò tún fi ìtànṣán sí inú ilé-ọmọ gan-an láti ìtòsí. Ìfun kò níbi tó lè sá lọ. Apá ìparí ìfun kékeré, níbi tí ara ti ń gba fítámì B12 tó sì ti ń dá oje òróǹro padà, sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ìtànṣán ń gbà. Ìfun tó sún mọ́ ìdí náà wà níbẹ̀. Ní ti ọ̀pọ̀ jù lọ, ìgbẹ́ gbuuru á rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí. Àwọn kan wà tí tiwọn á tún padà yọjú lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tàbí ọdún, tí ìfun á fún pọ̀ tàbí tí yóò máa ṣẹ̀jẹ̀. Ìyẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ, oúnjẹ nìkan kò sì lè wò ó.

Ìdí tí ìgbẹ́ gbuuru tí àwọn kan ń fojú kéré fi ń kó ìdààmú bá mi ni pé ó ń dá ìtọ́jú dúró. Gbogbo ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ yẹ kó parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí ìsinmi tí ìfun ń rí ni jẹjẹrẹ náà ń rí. Ọjọ́ tí aláìsàn kò bá wá nítorí pé kò lè jókòó nínú ọkọ̀ láìyàgbẹ́, ọjọ́ náà jẹ́ èrè fún àrùn tó wà lára rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, iná tó ń lọ àti ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́ ti ń gba ọjọ́ tó pọ̀ tó lọ́wọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí. N kò fẹ́ kí ikùn wọn tún gba òmíràn.

Èyí ló jẹ́ kí n máa tẹ̀ lé ìtàn amino acid bí ẹni tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹbí rẹ̀. Ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà, ẹ̀wà: èròjà amúaradàgbà inú gbogbo wọn, bí ara bá tú u, oríṣi amino acid bí ogún ló máa ń dà. Ọ̀kan nínú wọn tí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀ ni cysteine. Ní 1949, Harvey Patt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Argonne nítòsí Chicago fún àwọn èkúté ní cysteine kí wọ́n tó fi ìwọ̀n ìtànṣán tó lè pa wọ́n kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yè é. Bí wọ́n bá fún wọn lẹ́yìn tí ìtànṣán ti wọlé, kò ṣe wọ́n láǹfààní kankan. Cysteine ń dènà ìjàǹbá náà lójú ẹsẹ̀ ni. Ó ń pa àwọn èròjà olóró tí ìtànṣán ń dá sílẹ̀ nínú omi ara kí wọ́n tó kan sẹ́ẹ̀lì. Ìwádìí yìí ni àwọn ológun Amẹ́ríkà gbé karí nígbà tí wọ́n wá oògùn tí yóò dáàbò bo ọmọ ogun lọ́wọ́ bọ́ǹbù, ibẹ̀ ni oògùn amifostine sì ti jáde. Èébì àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sílẹ̀ lójijì kò jẹ́ kí ó gbilẹ̀.

Glutamine ni ó tún gba òkìkí lẹ́yìn náà. Ní 1974, Windmueller àti Spaeth fi hàn pé ìfun kékeré máa ń fa glutamine láti inú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń lò ó bí epo tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Ní 1990, Suzanne Klimberg, Wiley Souba àti àwọn mìíràn fún àwọn èkúté tí wọ́n fi ìtànṣán kan ikùn wọn ní glutamine. Ìfun àwọn èkúté náà tètè jinná, àwọn tó yè sì pọ̀ sí i. Mo mọ bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń mú orí ẹni wú. Ohun tí ìfun fẹ́ràn, tó ń wo ìfun èkúté sàn, tí kì í ṣe májèlé, tí a lè pò mọ́ omi mu, ta ni kò ní gbà á? Láti ìgbà náà ni ìyẹ̀fun glutamine ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn.

Nígbà tí wọ́n wá dán an wò bó ṣe yẹ lára èèyàn, ohun mìíràn ló jáde. Ní 2003, Kozelsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn aláìsàn 129 tó ń gba ìtànṣán sí ìsàlẹ̀ ikùn jáde. Àwọn kan gba gíráàmù mẹ́rin glutamine lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àwọn yòókù gba ìyẹ̀fun tí kò ní nǹkan kan nínú, dókítà àti aláìsàn kò sì mọ ta ló ń gba èwo. Ìgbẹ́ gbuuru kò dín kù lára àwọn tó gba glutamine rárá. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Daren Heyland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó wà ní ẹsẹ̀ kan ayé ẹsẹ̀ kan ọ̀run ní glutamine púpọ̀, nínú ìwádìí tó kó aláìsàn 1,223 mọ́ra ní Kánádà, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Àwọn tó kú nínú àwọn tó gbà á pọ̀ ju àwọn tó kú nínú àwọn tí kò gbà á lọ. Aláìsàn tí ẹ̀yà ara wọn ti ń dákẹ́ ni àwọn yẹn, wọn kì í ṣe irú àwọn tí mo ń rí. Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti ka ìwádìí náà ni n kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni sọ níwájú mi mọ́ pé "oúnjẹ ṣáà ni, kò lè ṣe é ní nǹkan."

Ọ̀rọ̀ cysteine wá tún padà jí ní oṣù kẹwàá 2025, nínú ìwé ìròyìn Nature. Fangtao Chi àti Ömer Yilmaz pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn ní MIT, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, yẹ oríṣi amino acid ogún wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú oúnjẹ eku, láti mọ èyí tó ń ran sẹ́ẹ̀lì ìyá inú ìfun lọ́wọ́ jù. Cysteine ló ta gbogbo wọn yọ. Ọ̀nà tó gbà ṣe é ni ó wú mi lórí jù. Sẹ́ẹ̀lì ojú ìfun á gba cysteine láti inú oúnjẹ, á sọ ọ́ di coenzyme A, á sì tú u síta. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n ń pè ní CD8, tí wọ́n ń ṣọ́ ara lọ́wọ́ àrùn, á gba coenzyme A yìí, wọ́n á bí sí i, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú èròjà kan tó ń jẹ́ IL-22 jáde. IL-22 yìí ló ń ta sẹ́ẹ̀lì ìyá jí pé kó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Nígbà tí ìtànṣán kan àwọn eku náà, ìfun àwọn tó ń jẹ oúnjẹ tí cysteine pọ̀ nínú rẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ wò ó bí ó ṣe yàtọ̀ sí ti 1949. Nígbà náà, cysteine ń gba ọta ìtànṣán sára kó má baà kan sẹ́ẹ̀lì. Ní báyìí, ó ń gba ẹnu àwọn ẹ̀ṣọ́ ara bá sẹ́ẹ̀lì ìyá sọ̀rọ̀. Ẹ̀dọ̀ wa lè ṣe cysteine fúnra rẹ̀ láti ara methionine, ṣùgbọ́n èyí tó bá ẹnu wọlé, ìfun ló kọ́kọ́ ń kàn kó tó dé ibòmíràn. Fún ẹni tó ti lo ìgbà ayé rẹ̀ lórí pé ohun tí a jẹ ṣe pàtàkì, ìwádìí yìí jẹ́ ayọ̀ ńlá.

Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ fún aláìsàn kankan pé kó lọ ra cysteine. Lára eku ni wọ́n ti rí i, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti glutamine ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìfun kékeré, níbi tí ara ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà amúaradàgbà, ni iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn, bẹ́ẹ̀ ìdajì wàhálà àwọn tèmi wà ní ìfun tó sún mọ́ ìdí, níbi tí cysteine inú oúnjẹ kì í dé. Èyí tó tún ń já mi láyà ni jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ohun tó lè gba ọta ìtànṣán sára fún ìfun lè gbà á fún jẹjẹrẹ náà bákan náà. Ní Quebec, Isabelle Bairati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ní fítámì E àti beta-carotene nígbà tí wọ́n ń gba ìtànṣán. Aláìsàn 540 ló wà nínú ìwádìí náà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2005. Ìpalára ìtànṣán dín kù lára àwọn tó gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ó jọ pé jẹjẹrẹ padà sára wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Fítámì E kì í ṣe cysteine. Àmọ́ títí tí ẹnìkan yóò fi dán cysteine wò lára èèyàn tó ní jẹjẹrẹ lára, n kò ní kó o jọ sínú ikùn ẹni tó ń lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ lọ́la.

Kíndìnrín náà ń kọ́? Àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun kì í béèrè rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ wa ni jẹjẹrẹ ti pẹ́ lára wọn kí wọ́n tó rí dókítà, tí ó sì ti tẹ ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín wá mọ́lẹ̀. Cisplatin tí wọ́n ń gbà tún ń nira fún kíndìnrín kan náà. Bí o bá ń da ìyẹ̀fun amúaradàgbà lé irú kíndìnrín bẹ́ẹ̀ láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, o ń ṣe é ní jàǹbá. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé agolo wá bá mi, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè.

Màmá kan wá lọ́jọ́ kan, ọmọ wọn obìnrin sì tẹ̀ lé wọn. Ọmọ náà mọ̀wé, ó ní ìfẹ́ ìyá rẹ̀, ó ti kọ gbogbo oúnjẹ tí Màmá ń jẹ sínú ìwé kékeré kan. Ògì tó ṣàn láàárọ̀, láìsí wàrà, láìsí ṣúgà. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ lásán lọ́sàn-án. Ìbẹ́pẹ lálẹ́. Mo béèrè ẹran, ó ní wọ́n ti yọ ọ́. Mo béèrè ẹja, ó ní wọ́n ti yọ ọ́. "Ẹyin ń kọ́?" Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ dẹ pàkúté fún un. "Àǹtí, ṣé kì í ṣe ohun wọ̀nyẹn ló ń bọ́ jẹjẹrẹ ni?" Màmá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí tábìlì mi kí n lè fi téèpù wọn apá wọn, mo sì rí òrùka ìgbéyàwó wọn tí wọ́n fi òwú wé ní ìsàlẹ̀ kó má baà bọ́ sílẹ̀. Awọ ọwọ́ náà ti ń ṣe jọ̀ọ́lọ̀. Nínú àpò ọmọ wọn ni agolo amino acid kan wà, wọn kò tíì ṣí i, ó gbé e wá kí n lè sọ bí yóò ṣe máa fún wọn.

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún gbogbo wọn. Jẹjẹrẹ kì í dúró de ẹyin. Bí ẹnu kò bá jẹun, ara á máa tú iṣan apá àti itan láti fi wá amino acid, jẹjẹrẹ á gba tirẹ̀ nínú ìyẹn, ìfun tó fẹ́ tún ara rẹ̀ ṣe á sì máa du èyí tó kù pẹ̀lú ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí wọ́n gba ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹyin wúlò fún jù. Ọmọbìnrin náà sunkún díẹ̀. Mo sọ fún un pé kò sí ẹni tó kọ́ ọ, ohun tó gbọ́ ládùúgbò àti lórí fóònù ló tẹ̀ lé, ìfẹ́ ló sì mú un ṣe é. Màmá ní tiwọn béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ṣé mo lè jẹ mọ́ínmọ́ín?"

Màmá lè jẹ ẹ́, mo sì fẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ. Lysine pọ̀ nínú ẹ̀wà, ṣùgbọ́n amino acid onímí ọjọ́, ìyẹn cysteine àti methionine, kò pọ̀ nínú rẹ̀. Àgbàdo kò ní lysine tó, ṣùgbọ́n ó sàn ju ẹ̀wà lọ níbi ti imí ọjọ́. Bí wọ́n bá pàdé nínú àwo kan, èkíní á dí àlàfo èkejì. Àwọn ìyá wa tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, àti àwọn tó ń se àdàlù, ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ amino acid. Ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a sì fi ooru sè rọrùn fún ìfun tó ń dùn ju odindi ẹ̀wà lọ, kì í sì í fẹ́ inú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bu ata rẹ̀ kù. Ẹ fi ẹyin sí i, ẹ fi ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ sí i. Bí agbára bá gbé e, kó di ẹlẹ́mìí méje. Àkàrà ni mo máa ń ní kí wọ́n yẹra fún ní àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, nítorí epo. Apá ìfun tó ń dá oje òróǹro padà ti fara gbọgbẹ́, epo púpọ̀ á sì tún mú kí ìgbẹ́ náà ṣàn sí i.

Ẹyin wà nínú àwọn oúnjẹ tí cysteine pọ̀ nínú wọn. Kí a bọ̀ ọ́ kó jinná dáadáa, kí a má fi ti tútù tútù fún ẹni tí cisplatin ti sọ ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ di díẹ̀. Wàrà tútù lè da inú rú fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ojú ìfun tó ń tú ṣúgà inú wàrà ti lọ, ṣùgbọ́n wàrà Fúlàní tí a sè dáadáa máa ń gba ọ̀pọ̀ wọn. Kí wọ́n jẹ díẹ̀, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ léraléra. Àwo ńlá máa ń dẹ́rù ba ẹni tí inú ń rún. Ní ti ẹ̀fọ́, a ti pẹ́ jù ní sísọ fún wọn pé kí wọ́n sá fún un. Ní ilé ìwòsàn Royal Marsden ní Lọ́ńdọ̀nù, Linda Wedlake àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára aláìsàn 166 tó ń gba ìtànṣán sí ìsàlẹ̀ ikùn, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017: àwọn tó jẹ oúnjẹ oníhàhá púpọ̀ ni ìfun wọn gbádùn jù. Nítorí náà n kì í gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ àyàfi tó bá ń ni wọ́n lára.

Àìtó omi lára ni ó máa ń pa aláìsàn kíákíá ju gbogbo rẹ̀ lọ bí a kò bá ṣọ́ra. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní kẹ́místì ni mo ń fún wọn. Àwọn kan ní Yunifásítì Florida, tí Sadasivan Vidyasagar jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, rí i lára eku pé ìfun tí ìtànṣán ti bà jẹ́ kì í gba ṣúgà dáadáa mọ́, wọ́n sì ṣe omi tí àwọn amino acid kan rọ́pò ṣúgà nínú rẹ̀. Ìwádìí wọn kan tó jáde ní 2016 fi hàn pé ó ran ìfun eku lọ́wọ́ láti bí sẹ́ẹ̀lì tuntun. Mo ń fojú sọ́nà sí irú omi bẹ́ẹ̀ gan-an. Àmọ́ sáṣẹ́ẹ̀tì tó wà ní kẹ́místì ìdí ilé ló ń gba èèyàn là lónìí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ nítorí ohun tí kò tíì dé.

Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí mo ń fọwọ́ sí agolo? Ó wà. Ẹni tí kò lè gbé oúnjẹ líle mì rárá, tí kíndìnrín rẹ̀ dára, tí dókítà rẹ̀ sì mọ̀ sí i, mo lè fún un ní ohun mímu amúaradàgbà kó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tó le kọjá. Amúaradàgbà pátápátá ni ìyẹn, tó ní oríṣiríṣi amino acid nínú bí oúnjẹ ṣe ní in. Kì í ṣe ẹyọ kan tí a yà sọ́tọ̀ tí a wá ń rọ̀jò rẹ̀ sínú ikùn. Ẹni tó bá lè jẹ ẹyin méjì lóòjọ́ kò nílò rẹ̀, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láìṣẹ́jú. Owó agolo á ra ẹyin, á san owó ọkọ̀ wá sí ìtọ́jú, á sì tún ṣẹ́ kù.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó lágbára rẹ̀ ṣe, kò sì dìgbà tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ olówó ńlá. Kí wọ́n kó àwọn obìnrin tó ń gba ìtànṣán nítorí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ jọ ní ilé ìwòsàn wa. Kí àwọn kan máa jẹ oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, kí àwọn yòókù máa gba ẹyin àti mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ilé ìwòsàn lójoojúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ títí dé oṣù kan lẹ́yìn ìtọ́jú. Kí wọ́n ka iye ìgbà tí inú wọn ṣí àti ìwọ̀n tí wọ́n wọ̀n lọ́jọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka iye ọjọ́ tí ibùsùn ẹ̀rọ dúró láìrí wọn, kí wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún mélòó kan láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ náà padà.